Àjò Kò Dùn Kí Onílé Má Relé: Ìtàn Ìrìn Àjò Wa láti Yábàá dé Ìlú Ọba

   

Nígbàkúùgbà tí a bá pé jọ báyìí, nǹkan kan wà tí kì í yẹ̀. Bí akọ̀wé bá ti ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ohùn kan á dáhùn láti ẹ̀yìn pé: "Kò sí nílé, ó ti lọ." Kì í ṣe ikú là ń wí o. Òkè òkun ni. Bí ìpàdé bá sì tú, àwọn àbúrò wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde á fa ẹ̀gbọ́n kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn á ní: "Ẹ̀gbọ́n, èmi náà fẹ́ jápa. Kí ni kí n ṣe?"

Òǹkàwé mi, n kò ní í sọ fún ọ pé kí o lọ, n kò sì ní í sọ pé kí o jókòó. Oníkálukú ló mọ ohun tó ń lé e. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ, nítorí ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìrìn yìí kò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Àwọn kan ti rìn ín ṣáájú wa, ojú wọn sì rí tó.

ÀLEJÒ NI WÁ NÍ YÁBÀÁ NÁÀ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí a dúró lé. Ṣé ẹ rò pé ibí yìí ni àwọn bàbá wa ti ṣẹ̀ ni? Ní 1867, àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n lé kúrò ní Abẹ́òkúta nínú rògbòdìyàn tí a ń pè ní Ìfọ́lé sá wá sí Èkó. Glover, òyìnbó tó ń ṣe àkóso Èkó nígbà náà, fún wọn ní ilẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì pa èèyàn. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba ṣe dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú tò. Àjọ yìí ló gé ilẹ̀ Yábàá sí ojúlé-ojúlé, tó la títì sí i, kí àwọn èèyàn lè kúrò nínú ìhámọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ti Sùúrùlérè ló wá dé ní 1955. LEDB yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ẹbí lọ sí àwọn ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Òyìnbó oníwádìí kan, Peter Marris, lọ bá wọn níbẹ̀, ó béèrè bí wọ́n ṣe ń gbé e, ìwé tó kọ lórí rẹ̀ sì jáde ní 1961. Kí ni wọ́n sọ fún un? Wọ́n ní ilé dára, afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ṣùgbọ́n oníbàárà wọn wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, owó ọkọ̀ ń jẹ èrè wọn, ìyá àgbà tó ti ń bá wọn tọ́jú ọmọ kò sí nítòsí mọ́, ìpàdé ẹbí sì di ohun tí èèyàn ń fowó ọkọ̀ lọ.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ìtàn tó kù. Láti Ìsàlẹ̀ Èkó sí Sùúrùlérè, kò ju ibùsọ̀ mélòó kan lọ. Èdè kan náà ni, ọbẹ̀ kan náà ni, síbẹ̀ ìdílé ń tú ká, òwò ń kú. Ẹni tó bá wá fẹ́ sọdá òkun ńkọ́? Ilé nìkan kọ́ là ń kó kúrò nínú rẹ̀. Ọwọ́ tó ń bá wa gbé ẹrù là ń fi sẹ́yìn.

ỌMỌ ABẸ́ÒKÚTA KAN NÍ LỌ́ŃDỌ̀NÙ

Ọkùnrin kan wà tó mọ èyí kí ọ̀pọ̀ wa tó mọ̀ ọ́n. Ládípọ̀ Ṣólànkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, tó ti kàwé ní Fourah Bay ní Sàró. Ó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Owó wọ́n ọn, òtútù mú un, ojú sì pọ́n ọn. Ní 1924 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe àfihàn ńlá kan ní Wembley, ìwé ìròyìn kan níbẹ̀ kọ ìkọkúkọ nípa àwọn ará ilẹ̀ wa, bí ẹni pé ajẹ̀nìyàn ni wá. Ṣólànkẹ́ kò dákẹ́. Ó kọ lẹ́tà, ó já wọn nírọ́. Lọ́dún náà ni òun àti Amy Ashwood Garvey, ọmọ Jàmáíkà, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Ọdún yẹn kan náà ló sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá lórí rédíò ní Ìlú Ọba.

Ní oṣù August 1925, òun àti Dókítà Bankole-Bright ọmọ Sàró pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí WASU. Ẹ wo ọgbọ́n inú orúkọ yẹn! Òyìnbó rí lẹ́tà mẹ́rin, ọmọ Yorùbá ka "wàásù". Orúkọ yẹn náà ni wọ́n fún ìwé ìròyìn tí ẹgbẹ́ ń tẹ̀.

Ṣùgbọ́n wàásù kì í bo èèyàn lójú òtútù. Ilé ni àwọn ọmọ ń wá, àwọn onílé òyìnbó kò sì fẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ṣólànkẹ́ bá wọkọ̀ padà wá sílé ní 1929, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú ní Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáńbíà títí di 1932, ó ń tọrọ owó lọ́wọ́ ọba àti mẹ̀kúnnù. Owó yẹn ló fi gba ilé kan ní Camden Road ní 1933, kí ọmọ tó bá ti inú ọkọ̀ sọ̀ lè rí ibi gbé orí lé. Ìyàwó rẹ̀, Ọ̀pẹ́olú, ni ìyá ilé. Òun ló ń se oúnjẹ tí àwọn ọmọ ń jẹ tí ara wọn ń balẹ̀.

Ó dùn mọ́ni, àbí? Ó tún ní ìbànújẹ́ tirẹ̀. Ṣólànkẹ́ tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin kó lè padà wá ṣe lọ́yà nílé, Lọ́ńdọ̀nù ló kú sí ní 1958, nígbà tí òmìnira Nàìjíríà ku ọdún méjì péré.

ỌDÚN MÁRÙN-ÚN PÉRÉ NI MO FẸ́ LÒ

Ẹ̀yin àgbà wa á rántí ọkọ̀ Aureol. Láti 1951 ni ọkọ̀ funfun yìí ti ń ná Liverpool sí Èkó, bí ọjọ́ 13 ni yóò lò lójú òkun, yóò yà ní Las Palmas, ní Freetown, ní Takoradi, kó tó gúnlẹ̀ ní Àpápá. Ọjọ́ tí ọmọ àdúgbò bá ń lọ, ilé á kún, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á ya fọ́tò, gbogbo ẹbí á sìn ín dé èbúté. Ní 1974 ni ọkọ̀ náà fi iṣẹ́ èrò sílẹ̀. Bàálù ti gba ọ̀nà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà yẹn, físà kọ́ ni wàhálà. Òfin ọdún 1948 ka ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ẹni tó bá rówó ọkọ̀ lè wọlé kó sì ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo wọn ni pé: "Ọdún márùn-ún péré ni mo fẹ́ lò." Lọ́yà, nọ́ọ̀sì, aṣírò owó, ẹ̀rọ. Wọ́n á fi ọ̀sán ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ tàbí ní ilé iṣẹ́ rélùwéè, wọ́n á fi alẹ́ kàwé. Òmìnira ń bọ̀, òyìnbó ń kógbá sílé, àga ń dúró de ẹni tó bá tètè gba ìwé ẹ̀rí. Ìrètí yẹn ló ń mú èèyàn fara da yàrá kan tí tọkọtaya àti ọmọ ń gbé, tí wọ́n ń fi owó sílé iná kí ara wọn lè móoru.

Ẹ rántí ewì Wọlé Ṣóyínká tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì, "Telephone Conversation", nípa obìnrin onílé tó fẹ́ mọ bí ayálégbé ṣe dúdú tó? Leeds ni Ṣóyínká ti kàwé láti 1954. A rẹ́rìn-ín nígbà tí olùkọ́ ka ewì yẹn. Àwọn tó gbé ibẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Àfi ìgbà tí òfin ọdún 1968 dé ni ó tó di èèwọ̀ fún onílé láti kọ èèyàn nítorí àwọ̀.

ỌMỌ YÁBÀÁ TÓ KỌ Ọ́ SÍLẸ̀

Nínú gbogbo àwọn tó rin ìrìn yìí, ọ̀kan wà tó jẹ́ ọmọ àdúgbò wa gan-an. Wọ́n bí Buchi Emecheta ní Yábàá ní 1944. Ibuza ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, bàbá rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Bàbá kú nígbà tó ṣì kéré, ṣùgbọ́n ọmọ náà gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ó sì wọ Methodist Girls' High School, níbí ní Yábàá. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó lọ́kọ. Ní 1962 ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ tó ti lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ohun tó bá níbẹ̀ kọ́ ni ohun tó rò. Nígbà tó kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, ọkọ rẹ̀ dáná sun ún. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde nílé ọkọ, ọmọ ọdún 22 péré ni nígbà náà. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń tọ́ ọmọ, ó sì ń jí ní ìdájí kọ̀wé kí àwọn ọmọ tó jí. Ó gba dìgírì ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé rẹ̀ *Second-Class Citizen* jáde ní 1974, ó sì di òǹkọ̀wé tí ayé mọ̀ títí ó fi kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2017.

Mo ń sọ èyí nítorí àwọn àbúrò wa obìnrin, àti ẹ̀yin ọkọ. Òkè òkun kì í fi ìgbéyàwó sílẹ̀ bó ṣe bá a. Nílé, bí ìjà bá dé, ìyá ọkọ wà, ẹ̀gbọ́n ìyàwó wà, pásítọ̀ tàbí àáfà wà ní ìkọjá títì. Níbẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì nìkan ni nínú yàrá kan, pẹ̀lú owó iná. Ohun tí ẹ ò bá tíì parí nílé, ẹ má rò pé bàálù ló máa bá yín parí rẹ̀.

ÀWỌN ỌMỌ TÍ A GBÉ FÚN ÒYÌNBÓ TỌ́

Èyí ni apá ìtàn tí a kì í fẹ́ sọ ní gbangba. Láti àwọn ọdún 1950, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó bímọ síbẹ̀ ń polówó nínú ìwé ìròyìn *Nursery World* pé àwọn ń wá ìyá òyìnbó tí yóò bá àwọn tọ́ ọmọ, wọ́n á sì máa sanwó lọ́sẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló dàgbà báyìí títí dé àwọn ọdún 1980.

Ẹ má tètè bú àwọn òbí wọn. Nílé wa, kí ọmọ lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí lọ́dọ̀ tíṣà kì í ṣe ẹ̀gàn, ẹ̀kọ́ ni. Wọ́n rò pé ohun kan náà ni. Kì í ṣe ohun kan náà. Àwọn ọmọ kan rí ìfẹ́ gidi níbẹ̀. Àwọn mìíràn dàgbà láìmọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí ẹ ti máa ń rí nínú sinimá Amẹ́ríkà, ọmọ Yorùbá ni. Wọ́n bí i ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1967, ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n sì gbé e fún tọkọtaya òyìnbó kan ní Tilbury. Ó dàgbà débi pé ó kórìíra àwọ̀ ara rẹ̀, ó sì wọ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ òyìnbó tó ń lu aláwọ̀ dúdú. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìtàn náà ṣe sinimá *Farming* ní 2018.

Ọdún márùn-ún péré ni àwọn òbí rò pé àwọn fẹ́ lò, ṣebí? Ọmọ kì í dúró de ìwé ẹ̀rí.

ILẸ̀KÙN Ń TÌ, Ó TÚN Ń ṢÍ

Bí a ti ń wí yìí, òfin ń yí padà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ní July 1962, Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́. Òfin ọdún 1971 tún fún un pọ̀. Láti January 1983, ọmọ tí a bá bí síbẹ̀ kì í di ọmọ ilẹ̀ mọ́ àfi bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tàbí ó ti ní àṣẹ ìgbélùú tí kò ní gbèdéke. Ní 1986 ni wọ́n kéde físà fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, kódà fún ẹni tó ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lásán.

Nílé pẹ̀lú, nǹkan ń yí. Ẹ rántí Andrew lórí tẹlifíṣọ̀n ní àárín àwọn ọdún 1980, tó gbé báàgì, tó ní òun ń lọ, tí Enebeli Elebuwa ṣeré rẹ̀? Ìjọba ní ká jókòó ká tún ilé ṣe. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Ètò SAP dé ní 1986, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Nígbà tó fi di 1999, ó ti ju náírà 90 lọ sí dọ́là kan. Ní 2024, ó ti ju 1,000 lọ dáadáa. Owó oṣù olùkọ́ tó ti tó rówó ọkọ̀ òfuurufú rí kò tó ra páálí tí a fi ń di ẹrù mọ́. Andrew di akọni.

Amẹ́ríkà wá ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan. Ní 1994 ni a kọ́kọ́ kọ físà lọ́tírì. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Yábàá nígbà náà ẹ mọ̀ ọ́n: orúkọ, ọjọ́ ìbí, nínú ẹ̀npílóòpù. Ọ̀fẹ́ ni Amẹ́ríkà ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn tó ń bá èèyàn kọ ọ́ kò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó yá, àwa tó wọlé pọ̀ débi pé láti lọ́tírì ọdún 2015 ni wọ́n ti yọ Nàìjíríà kúrò, nítorí òfin wọn ní orílẹ̀-èdè tó bá ti kó ju 50,000 èèyàn wọlé láàárín ọdún márùn-ún kò lè tayò náà.

Títí dé òní ni bó ṣe rí. Ní 2020, Ìlú Ọba ṣí físà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, nọ́ọ̀sì àti dókítà wa sì wọ́ lọ; ní 2023, Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àjọ ìlera àgbáyé ní kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lọ máa ṣa òṣìṣẹ́ ìlera wọn. Láti January 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò lè kó ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ní March ọdún náà, ó kan àwọn tó ń lọ tọ́jú arúgbó. Ní July 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn ti àwọn olùtọ́jú arúgbó tó bá ń ti ìta bọ̀. Owó ìtọ́jú ìlera tó jẹ́ pọ́n-ùn 200 lọ́dún nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015 di pọ́n-ùn 1,035 ní February 2024 fún àgbàlagbà tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Tó bá jẹ́ físà ọdún mẹ́ta, 3,105 ni, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì ń gbà á.

KÍ LA RÍ KỌ́?

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ń béèrè, ohun tí ìtàn sọ nìyí.

Èkíní, òfin ọjọ́ tí o fẹ́ lọ ni kí o kà, kì í ṣe òfin ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ lọ. Ẹni tó lọ ní 2022 kò purọ́ fún ọ. Ọ̀nà tó gbà ló ti dí.

Èkejì, ṣírò owó náà tán kí o tó ta nǹkan kan: físà, owó ìlera ọdún gbogbo, ọkọ̀, ilé gbígbé, àti oṣù mẹ́ta tí iṣẹ́ lè má tíì yọjú. Má ta ilé bàbá rẹ.

Ẹ̀kẹta, mọ ẹni tí yóò pàdé rẹ. Ṣólànkẹ́ fi ọdún mẹ́ta tọrọ owó nítorí ohun tó mọ̀ ni pé èèyàn ni aṣọ òtútù.

Ẹ̀kẹrin, bí o bá ní ọmọ, bá a sọ Yorùbá nínú ilé. Ilé ìwé wọn á kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, má mikàn.

Ìkarùn-ún kan gbogbo wa, nílé àti lóko. Ẹ jẹ́ ká máa sọ òótọ́ fún ara wa. Ẹni tó wà níbẹ̀ ń ya fọ́tò níwájú mọ́tò tí kì í ṣe tirẹ̀, kò sọ pé òru lòun ń fi ṣiṣẹ́. Ẹni tó wà nílé rí fọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó bí ẹni ń béèrè omi. Ẹni òkè òkun fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n bá a kọ́lé, ó dé, ó bá igbó. Irọ́ méjèèjì yìí ló ń pa ọ̀rẹ́ kíláàsì, òun ni kò jẹ́ kí àwọn kan lè padà wá sí àpéjọ yìí. Ojú ń tì wọ́n. Ẹ̀yin tí ojú ń tì, ẹ padà wá. Ṣólànkẹ́ fúnra rẹ̀ kò lówó lọ́wọ́ nígbà tó wá tọrọ, kò sì sí ìlú tó lé e.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan kí n tó jókòó. Kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan, tí a kọ orúkọ oníkálukú àti ìlú tó wà sí, àti bóyá ó lè gba àlejò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò gba owó. Nígbà tí akọ̀wé bá wá pe orúkọ lọ́dún tó ń bọ̀, tí ohùn kan bá ní "Kò sí nílé," kí ohùn kejì lè dáhùn pé: "A mọ ibi tó wà, a sì gbóhùn rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Àjò kò dùn kí onílé má relé. Àwọn tó ń lọ, ẹ̀yìn yín á dára. Àwọn tó wà nílé, ilé ò ní í lé yín. Ẹ̀mí á tún ṣe é, a ó tún pàdé lọ́dún tó ń bọ̀, a ò ní í dín. Àṣẹ.